Ta La Fẹ́ Fi Ọkọ̀ Lé Lọ́wọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Láti ìgbà tí mo ti sọ lójú ìwé yìí pé ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó ti fóònù ní iléeṣẹ́ akẹ́rù kan kí èmi àti ọkọ mi tó ra ọkọ̀ tiwa, lẹ́tà yín kò dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá awakọ̀ lẹ pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá dispatcher, ìyẹn ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, tó ń pín in fún àwọn awakọ̀, tó sì ń tọpa wọn títí wọ́n á fi já ẹrù, ẹ kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí. Èsì ti àkọ́kọ́ yóò gùn díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kàn mí gan-an.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ni mo ní. Awakọ̀ méjì ló ń bá mi ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi ni mò ń wa ìkẹta. Èmi náà ni mò ń gbé fóònù, orí ìrìn ni mo sì ti máa ń gbé e jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan pè mí lẹ́ẹ̀mẹfà, mi ò gbọ́. Kí n tó pè é padà, ó ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì. Owó ọwọ́ mi kò lè gba ju ènìyàn kan lọ. Ṣé awakọ̀ ni kí n gbà kí n lè sọ̀kalẹ̀, àbí dispatcher?” (Ọlọ́kọ̀ Mẹ́ta)

Àbúrò mi, kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín: láti òní lọ, ẹ má gbé fóònù lórí ìrìn mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé ewu ìjàǹbá tó wà fún awakọ̀ tó ń lo fóònù tó bí ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tí kò lò ó. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín. Ọkọ̀ tó ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá wojú fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré kí ẹ lè mọ ẹni tó ń pè, ẹ ti rin mítà 44 láìwo ọ̀nà. Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ yín yẹn, ẹ jẹ́ ó máa lọ. Òmíràn ń bọ̀.

Ó wá kan ìbéèrè yín. Ẹ fi ìwé kan sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí awakọ̀ máa kọ wákàtí tí ọkọ̀ fi dúró láìṣiṣẹ́ àti ohun tó fà á, kí ó sì kọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ rìn lófìfo. Ẹ̀yin náà, ẹ máa kọ iye ìpè tí ẹ kò rí gbé. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ wà nílẹ̀ tí ọkọ̀ dúró nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò wà á, awakọ̀ lẹ nílò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ń já ẹrù tán tó ń padà bọ̀ lófìfo, tàbí awakọ̀ ń jókòó wákàtí méjì lẹ́nu géètì oníbàárà torí kò sẹ́ni tó pè síbẹ̀ ṣáájú, ẹ lè gba awakọ̀ mẹ́wàá, òfo náà ni ẹ ó máa gbé kiri. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lófìfo ń jó epo, táyà rẹ̀ ń jẹ, ó sì ń rẹ awakọ̀ inú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀yin.

Pẹ̀lú ohun tí mo kà nínú lẹ́tà yín, dispatcher ni kí ẹ gbà. Ẹ ṣì máa wa ọkọ̀ yín fún ìgbà díẹ̀ sí i, kí fóònù wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Nígbà tí ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ń rí ẹrù àbọ̀, inú owó yẹn ni ẹ ó ti rí ti awakọ̀ kẹta. Bí tiwa ṣe rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n irú dispatcher wo? Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Wọ́n á wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn, tó lè fi ọ̀rọ̀ tu oníbàárà lójú. Ẹ má wá ẹlẹ́nu dídùn. Ẹ wá ẹni tó lè sọ pé kò ṣeé ṣe.

Bí mo ṣe ń dán wọn wò ni mo fẹ́ sọ. Mo máa ń gbé bébà kan síwájú ẹni tó wá gba iṣẹ́. Iṣẹ́ mẹ́rin, ọkọ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ti wà lójú ọ̀nà láti aago márùn-ún ìdájí. Ibi tí ẹrù kan ń lọ jìn tó 360 kìlómítà. Mo ní kí ó pín iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ á máa sá eré 90 kìlómítà ní wákàtí kan, tó wá fi 90 pín 360, tó ní wákàtí mẹ́rin ni, kò tíì jókòó nínú ọkọ̀ ẹrù rí. Òkè wà lọ́nà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà níbẹ̀, awakọ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ na ẹsẹ̀. Tí a bá pín gbogbo rẹ̀ pọ̀, ká ní ọkọ̀ ń rin 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ìrìn nìkan ti di wákàtí mẹ́fà. A ò tíì ka ìgbà tí wọ́n ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń já a. Bí ẹnìkan bá gbójú sókè látorí bébà yẹn, tó bi mí pé, “Mà, aago mélòó ni wọ́n ń ṣí géètì níbi tí a ti fẹ́ já a? Ta ni yóò já a?” ọkàn mi ti fà sí onítọ̀hún nìyẹn.

Lẹ́yìn bébà, fóònù ló kàn. Mo máa ń ní kí ẹnìkan pè é láti yàrá kejì bí oníbàárà tínú ń bí, tó ní òun gbọ́dọ̀ rí ẹrù òun lónìí dandan, nígbà tí ó ti hàn nínú bébà pé kò sí awakọ̀ kankan tó tún yẹ kó jáde. Púpọ̀ nínú wọn á ní, “Ẹ má ṣèyọnu sà, ó máa dé.” Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè mọ̀ ọ́n láti inú mímí wọn. Ẹni tí mo gbà kẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tí kò ṣiṣẹ́ ọkọ̀ rí, dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò ní ṣeé ṣe lónìí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, aago mẹ́fà ni ọkọ̀ á gbéra. Èmi fúnra mi ni n ó pè yín.” Lọ́jọ́ náà ni mo gbà á. Kò mọ orúkọ táyà kankan, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣeé kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ ọn tó báyìí. Ní ọdún kẹta mi nídìí fóònù, awakọ̀ kan pè mí ní aago mẹ́jọ alẹ́ pé òun ti já ẹrù, òun fẹ́ lọ sùn. Aago mẹ́rin ìdájí ló ti jí. Oníbàárà kan wà lórí fóònù kejì tó ń pariwo mọ́ mi. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bá ibẹ̀ náà ni, ẹ bá mi gbé kékeré yìí dé ọ̀hún.” Ó bá mi gbé e. Ó ku díẹ̀ kó dé ni ọkọ̀ yà kúrò lójú títì, ó wọ kòtò. Apá rẹ̀ kán. Nígbà tí mo lọ wò ó, kò bú mi. Ó ní, “Èmi ni ò tètè sọ pé mi ò lè ṣe é.” Gbólóhùn yẹn ṣì ń gún mi lọ́kàn títí dòní, torí pé ó sọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ lọ sùn. Èmi ni mi ò gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó kà nípa ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1997: ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17, bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ẹni tí ọtí rẹ̀ bá ti tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ mọ́. Bọ̀dá yẹn kò fi ọtí kan ẹnu lọ́jọ́ náà, àmọ́ bí ẹní mutí ni mo ṣe rán an jáde.

Nítorí náà, ẹ lẹ iye wákàtí mọ́ ògiri níwájú dispatcher yín. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò jẹ́ kí awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ńlá wa ọkọ̀ ju wákàtí 11 lọ kó tó tún sinmi wákàtí 10 gbáko. Ní Yúróòpù, wákàtí 9 ni lójúmọ́, àyàfi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó lè dé 10. Bó bá sì ti wà á fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, ó gbọ́dọ̀ sinmi ìṣẹ́jú 45. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí òfin ibi tí ẹ wà sọ. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì yìí, kí ẹ sọ ọ́ di òfin ilé yín, kí ẹ̀yin ọ̀gá náà má sì rú u nígbà tí owó bá ń pè yín.

“Màámi, ọkọ̀ akérò ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, oníjókòó 18. Àǹtí mi mú awakọ̀ kan wá, ó ní ogún ọdún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo ní kó gbé mi rìn díẹ̀ kí n wo ọwọ́ rẹ̀, ó fajú ro, ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Àǹtí mi náà ti ń bínú sí mi. Ẹ gbà mí.” (Ìyá Ìbejì)

Ọmọ mi, ẹ dán an wò. Àwọn tó ń wa bàálù, tí irun wọn ti funfun lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò, wọn kì í sì í kà á sí ìwọ̀sí. Ẹ bá bàbá náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Bàbá, mi ò mọ ọkọ̀ wà tó yín, èrò tó máa wọ̀ ọ́ ni mo ń rò.” Bó bá ṣì kọ̀, kí ó máa lọ. Ẹni tí kò gbà kí ẹ wo ọwọ́ òun lónìí kò ní gbà kí ẹ sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń sáré jù lọ́la.

Bó bá gbà, ẹ ṣètò díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yọ gílóòbù iná ẹ̀yìn kan kó tó dé. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ dákẹ́. Ṣé yóò yí ọkọ̀ náà ká? Ṣé yóò wo táyà, kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò? Ṣé yóò rí i pé iná kan kò tàn? Àwọn tó ń wọlé tààrà tí wọ́n á sì ṣáná sí ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju àwọn tó ń yí i ká lọ, ẹ̀yin náà á sì rí i. Bó bá jókòó tán, ẹ wò ó bóyá ó tún jókòó ṣe, ó tún jígí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, ó sì de bẹ́líìtì kí ọkọ̀ tó mì. Awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ máa ń rọra tẹ bíréèkì ní kété tí ọkọ̀ bá ti ṣí, kó lè mọ̀ bóyá ó mú.

Ẹ gbé ìgò oníke kan tó ṣófo nàró sílẹ̀ láàárín ìjókòó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìdánwò mi nìyí. Bó bá ń já bíréèkì tàbí tó ń já wọ kọ́nà, ìgò á ṣubú. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn ni ìgò yẹn, aboyún ni. Lójú títì, ẹ wo ohun kan tí ọkọ̀ iwájú kọjá lára rẹ̀, bí òpó iná, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí ọkọ̀ tiyín náà á fi dé ibẹ̀. Bí kò bá tó mẹ́ta, ó ti súnmọ́ ọn jù. Lẹ́yìn náà kí ó fi ẹ̀yìn wọ ibì kan tó há. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ láti lọ wo ẹ̀yìn kó tó wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojo ni. Lẹ́yìn ọkọ̀ ni ọmọdé máa ń wà, jígí kì í sì í rí wọn.

Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ bi í pé, “Bàbá, ọjọ́ wo ló kù díẹ̀ kí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ yín?” Ẹni tó ní kò ṣẹlẹ̀ rí láàárín ogún ọdún ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó sọ ọ́, tó sì sọ ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà náà, òun ni kí ẹ bá ṣiṣẹ́.

Ti ìwé kò pẹ́. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó fún un láṣẹ láti gbé èrò. Kí ẹ gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé náà, torí ẹ̀dà kì í ṣe ẹ̀rí. Kí dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pe ọ̀gá méjì tó ti bá ṣiṣẹ́ rí, ẹ má bi wọ́n bóyá èèyàn dáadáa ni, gbogbo èèyàn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n pé, “Tó bá padà wá lónìí, ṣé ẹ ó gbà á?” kí ẹ sì dákẹ́. Bí wọ́n bá ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó dáhùn, ẹ̀yin á mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ní ti àǹtí yín, ẹ gbé fọ́ọ̀mù oníduró lọ bá wọn kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí bàbá náà bá dá wọn lójú tó bẹ́ẹ̀, wọn ò ní kọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ìbínú yẹn á rọlẹ̀.

“Ṣé kí n máa san owó fún awakọ̀ mi ní ìrìn kọ̀ọ̀kan ni, àbí owó oṣù? Ọ̀rẹ́ mi ní bó bá jẹ́ owó oṣù, wọ́n á máa rọra.” (Oníṣòwò Ẹrù)

Kí wọ́n máa rọra gan-an lẹ fẹ́, arákùnrin mi. Nígbà tí ẹ bá ń sanwó ní ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ yín náà wà lórí ìtẹ̀ tó ń fún ọkọ̀ ní eré. Ọkọ̀ tó kúrò ní 60 tó bọ́ sí 120, eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, àmọ́ agbára tó máa fi kọlu nǹkan di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ará Yúróòpù rí èyí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú òfin wọn nọ́ńbà 561 ti ọdún 2006 pé iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi iye kìlómítà tàbí iye ẹrù díwọ̀n owó awakọ̀ bí ìyẹn bá lè fa ewu lójú ọ̀nà.

Owó oṣù ni èmi ń san, mo sì ń san owó ìdúró bí oníbàárà bá dá awakọ̀ dúró. Mo ti fún wọn ní ẹ̀bùn “kò sí ìjàǹbá” rí, mo sì ti dá a dúró. Ohun tó kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Ẹnìkan lọ fi owó ara rẹ̀ kun ọkọ̀ kí n má baà mọ̀. Ní báyìí, ẹni tó bá kọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ sínú ìwé kó tó bàjẹ́ pátápátá ni mo ń fún ní nǹkan.

“Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń wa ọkọ̀. Dispatcher wa lè pè mí nígbà mẹ́wàá lórí ìrìn kan, bí mi ò bá gbé e, á lọ fẹjọ́ mi sùn. Mo fẹ́ kúrò. Iléeṣẹ́ méjì ti ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kí ni wọ́n máa bi mí?” (Awakọ̀ Tó Ti Sú)

Ẹ kú ìfaradà, ọmọ mi. Kí ẹ tó kúrò, ẹ gbìyànjú ohun kan pẹ̀lú dispatcher náà: kí ẹ jọ ṣàdéhùn ìgbà mẹ́ta tí ẹ ó máa pè é fúnra yín, bí ẹrù bá wọ ọkọ̀ tán, níbi ìsinmi, àti bí ẹ bá dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pe ìpè mẹ́wàá, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọn ò mọ ibi tí ọkọ̀ wà, oníbàárà sì ń dà wọ́n láàmú. Èmi náà ti rí bẹ́ẹ̀ rí.

Bí ìyẹn kò bá yí nǹkan padà, ẹ lọ. Ohun tí wọ́n máa bi yín kò ju ohun tí mo kọ sókè yìí lọ: ìwé yín, àwọn ọ̀gá àtijọ́, ìjàǹbá tí ẹ ti ní. Ẹ sọ òtítọ́ ibẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà ń yan wọ́n o. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé fún yín, kí ẹ fọwọ́ kan táyà rẹ̀, kí ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ àtúnṣe rẹ̀ sí. Ẹ béèrè ẹni tó ń sanwó bí ẹ bá dúró lẹ́nu géètì di alẹ́.

Ẹ wá ní kí wọ́n pe dispatcher jáde. Ẹ bi í níwájú ọ̀gá rẹ̀ pé, “Bí mo bá pè yín láago mẹ́jọ alẹ́ pé oorun ń kùn mí, kí lẹ máa sọ fún mi?” Bó bá kọ́kọ́ wojú ọ̀gá kó tó dáhùn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ máa lọ sí iléeṣẹ́ kejì.